Okrika Ju Orúkọ Aṣọ Lọ: Ìgbafẹ́ Orí Omi àti Àwa Ayálégbé

Bí ẹ bá bi ọmọ Yorùbá mẹ́wàá léèrè ní Ìbàdàn pé kí ni òkìrìkà, ó dá mi lójú pé mẹ́sàn-án nínú wọn yóò dáhùn pé aṣọ ni. Aṣọ àlòkù tí wọ́n dì ní bélì láti òkè òkun, tí à ń bẹ̀rẹ̀ ṣà lẹ́bàá títì, tí àwọn kan ń pè ní bọ́síkọ̀rọ̀. Bóyá ẹnì kan tó kù ni yóò rántí pé ìlú ni Okrika, pé erékùṣù ni, pé àwọn ọmọ ibẹ̀ ń pe ara wọn ní Wakirike, àti pé Amanyanabo ni wọ́n ń pe ọba wọn. Ohun tí àwọn àgbà ń sọ ni pé etí omi Okrika ni irú aṣọ bẹ́ẹ̀ máa ń gbà wọlé nígbà kan, ni orúkọ ìlú bá di orúkọ ọjà. Ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó aṣọ àlòkù wọlé, ó ti pẹ́, àmọ́ òfin kò lè gba orúkọ lẹ́nu èèyàn.

Ará Ìbàdàn ní àwáwí. Àwa tí a ń gbé Port Harcourt kò ní. Ọ̀pọ̀ wa ti lo ogún ọdún níbí láì fi ẹsẹ̀ tẹ Okrika rí, àfi àwọn tí iṣẹ́ ìfọpo tàbí òwò gbé débẹ̀. Bí Iléyá tàbí Kérésìmesì bá dé, tí àwọn ọmọ ní kí a gbé àwọn jáde, Pleasure Park la mọ̀, tàbí ọgbà Isaac Boro. Ẹni tí owó rẹ̀ pọ̀ díẹ̀ á gbé tiẹ̀ lọ sí Èkó, á sì san owó wọ etíkun tí ẹlòmíì dá ọgbà yí ká. Bẹ́ẹ̀ omi yí wa po níbí.

Kí ló mú ọ̀rọ̀ yìí wá? Ní ọjọ́ 26 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, NNPC kéde pé iléeṣẹ́ ìfọpo Port Harcourt ti padà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Inú gbogbo wa dùn. Àwọn olóúnjẹ tún tábìlì wọn tò, àwọn awakọ̀ tanka fọ ọkọ̀. Ayọ̀ náà kò pé oṣù mẹ́fà gééré: ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún 2025, wọ́n tún tì í, wọ́n ní àtúnṣe ni àwọn fẹ́ ṣe. Alesa-Eleme ni iléeṣẹ́ náà wà láti ọdún 1965, ṣùgbọ́n èbúté rẹ̀ wà ní Okrika, nítorí náà bí Eleme bá wú, Okrika á hó. Láàárín àkókò kan náà, ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta 2025, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde ìjọba pàjáwìrì ní ìpínlẹ̀ yìí. Gómìnà Siminalayi Fubara àti àwọn aṣòfin lọ gbélé fún oṣù mẹ́fà, Ibok-Ete Ibas tó jẹ́ ọ̀gá ológun ojú omi tó ti fẹ̀yìntì sì ń darí wa, títí di oṣù Kẹsàn-án tí wọ́n padà sípò.

Nígbàkigbà tí epo bá dá wa lójú kọ, tí ìṣèlú sì dàrú, ọ̀rọ̀ kan máa ń jáde: ẹ jẹ́ ká pe àlejò wá wo omi wa, ẹ jẹ́ ká fi erékùṣù wa jẹun. Ó dùn-ún gbọ́. Gómìnà fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Opobo, ìlú tí Jaja tẹ̀ dó sí orí omi, nítorí náà kò sí ẹni tó lè sọ pé kò mọ ohun tí erékùṣù jẹ́. Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ náà wò, nítorí ó kàn wá ju bí a ṣe rò lọ.

Ọ̀nà méjì ló wọ Okrika. Ti orí ilẹ̀ gba Eleme, ó fẹ̀gbẹ́ kan iléeṣẹ́ ìfọpo, ó gba Okochiri, kó tó gba orí afárá wọ ìlú. Ti orí omi kúrú jùyẹn lọ dáadáa, òun sì ni ẹni tó bá fẹ́ gbafẹ́ gbọ́dọ̀ gbà. Bí ọkọ̀ bá ti fi Port Harcourt sẹ́yìn, ariwo jẹnẹrétọ̀ á dákẹ́ díẹ̀díẹ̀, ẹ ó wá máa rí igi ẹ̀gbà ní ọ̀tún àti ní òsì, tí gbòǹgbò rẹ̀ dúró nínú ẹrẹ̀ bí ẹsẹ̀ alákàn. Ẹyẹ àkálá kọ́ lẹ ó rí níbẹ̀ o. Ẹyẹ funfun ẹlẹ́sẹ̀ gígùn ni, tó ń dúró de ẹja bí ẹni tó ń dúró de owó oṣù. Àwọn obìnrin á wà nínú ẹrẹ̀ tí wọ́n ń ṣa ìṣáwùrú, àwọn ọmọdé tí kò tíì tó ọmọ ọdún mẹ́wàá á máa fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ wọn kọjá lọ bíi pé kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń gùn. Àwọn Ìlàjẹ tó wà láàárín wa yóò fi mí rẹ́rìn-ín pé kí ni mo ń ròyìn. Òótọ́ ni, ti wọn ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tiwa tí a bí sí Mile 3 tàbí Diobu, tó ń jẹ ìṣáwùrú nínú ọbẹ̀ láti kékeré, kò rí ibi tí wọ́n ti ń ṣà á rí.

Mo fẹ́ sọ òótọ́ kan ṣáá. Okrika kò ní etíkun oníyanrìn tó kọjú sí òkun ńlá. Bonny ló ní ìyẹn. Bonny ní etíkun Finima, ó ní igbó Finima Nature Park tí iléeṣẹ́ NLNG dá sí láti ọdún 1999, níbi tí èèyàn ti lè rìn lábẹ́ igi kó sì rí ọ̀bọ. Ọ̀nà ilẹ̀ Bodo sí Bonny tí Igbákejì Ààrẹ ìgbà náà, Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá 2017, tí wọ́n gbé fún Julius Berger, ni yóò sì máa gbé àwọn àlejò lọ. Ẹ wo àwòrán ilẹ̀ dáadáa: ẹni tó bá gba ọ̀nà yẹn yóò gba Eleme, yóò gba Ogoni, yóò sì dé Bonny láì rí Okrika sójú. Nítorí náà bí àwọn olóṣèlú bá ń ka Okrika mọ́ etíkun, ẹ mọ̀ pé wọn kò tíì débẹ̀. Ohun tí Okrika ní ni ìsúnmọ́ ìlú ńlá, odò tó tutù, ìtàn, àti àṣà. Ìrìn-àjò ìdajì ọjọ́ ni, ẹni tó jáde láàárọ̀ lè padà jẹun alẹ́ nílé rẹ̀.

Nínú àṣà yẹn, Iria ló gbajúmọ̀ jù. Ó jẹ́ ètò tí wọ́n fi ń mú ọmọbìnrin wọ ẹgbẹ́ àgbà obìnrin. Wọ́n á mú un wọ ilé, wọ́n á máa bọ́ ọ dáadáa kó sanra, wọ́n á kun ara rẹ̀, wọ́n á wé àwọn aṣọ olówó iyebíye mọ́ ọn nídìí, wọ́n á wá mú un jáde fún gbogbo ìlú rí. Ní ọdún 1993, obìnrin kan tó ń ṣe fíìmù, Ngozi Onwurah, ṣe fíìmù kan nípa rẹ̀ láàárín àwọn Wakirike, ó pè é ní Monday's Girls. Ọmọbìnrin méjì ló tẹ̀ lé nínú rẹ̀. Inú ọ̀kan dùn sí gbogbo rẹ̀. Èkejì, tó ti lọ gbé ìlú ńlá kó tó padà wálé, kọ̀ jálẹ̀, ó ní òun kò ní ṣí àyà sílẹ̀ níwájú èrò. Ìjà ńlá ni, ìtìjú sì kan baba rẹ̀.

Mo mẹ́nu ba fíìmù yìí nítorí pé ọ̀rọ̀ àlejò wà nínú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó dárúkọ àlejò. Lọ́dún 1993, àwọn ará ilé àti ará àdúgbò ló ń wò ó. Lónìí, gbogbo ẹni tó bá débẹ̀ ló ní fóònù lọ́wọ́, kí ọmọ náà sì tó wọlé padà, àwòrán rẹ̀ ti dé Malaysia. Bí ìjọba bá wá kọ Iria sínú ìwé pẹlẹbẹ pé ẹ wá wò ó, ta ni yóò bi àwọn ọmọbìnrin náà léèrè? Àwa Yorùbá mọ irú ọ̀rọ̀ yìí. UNESCO fi igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo sínú ìwé àwọn ohun ìní àgbáyé ní ọdún 2005, èrò sì ń ya lọ láti Brazil àti Amẹ́ríkà, síbẹ̀ kò sí àlejò tó lè ṣàdédé ná ọwọ́ mú Arugbá pé kó dúró kí òun ya fọ́tò. Ẹnikẹ́ni kì í sì ya fọ́tò Orò. Ohun tí a kò ní gbà nílé wa, ẹ má jẹ́ ká lọ ṣe é nínú ilé onílé. Lójú tèmi, kí Iria kọ́kọ́ wà lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó ni ín. Bí wọ́n bá ní kí a wá, kí a wá. Bí wọ́n bá ní fóònù kò gbọ́dọ̀ wọlé, kí a fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀.

Eré ọkọ̀ kò ní irú ìṣòro yẹn, òun ni ì bá sì wù mí kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ní gbogbo ìlú ńlá orí omi wọ̀nyí, Bonny, Kalabari, Opobo, àti Okrika, ilé tó bá lè kó àwọn awakọ̀ jọ, kó sì gbé ọkọ̀ ogun kan sórí omi, ni wọ́n máa ń kà sí ilé. Ogun ti lọ, ọkọ̀ ṣẹ́ kù. Bí wọ́n bá gbé e jáde lọ́jọ́ ọdún, tí ìlù wà nínú rẹ̀, tí ọgbọ̀n ọkùnrin jọ ń ki àjẹ̀ bọ omi lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó bá wà létí omi kò ní rántí bọ́ọ̀lù England lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n àwọn ìjọba tó ti kọjá fẹ́ràn kánífà ojú títì ju eré ojú omi lọ. Orí títì ni àwọn ọlọ́lá ti lè jókòó lábẹ́ ìbòòrùn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan kún un tó kàn wá tààrà. Ọmọ Yorùbá kò ṣàjèjì sórí omi yìí. Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn, ló mú iṣẹ́ ìhìnrere CMS dé Bonny ní àwọn ọdún 1860, ọmọ rẹ̀ Dandeson sì di Áṣídíákónì níbẹ̀, ó lo ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ lórí àwọn odò wọ̀nyí. Ìtàn táwọn ajíhìnrere kọ sílẹ̀ nípa Okrika wú mi lórí: kí oníwàásù kankan tó wá gbé láàárín wọn, àwọn ará ìlú ti kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì fúnra wọn, wọ́n sì wá ọmọdé kan tó mọ̀wé tó ń ka ìwé àdúrà fún wọn. Bí ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wa bá ń wá ibi tí wọn yóò gbé ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ lọ fún ìrìn ọdọọdún, mi ò mọ ibi tó tún dára ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àmọ́ kí ló ń dẹ́rù bà wá? Àkọ́kọ́ ni ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Èèyàn ń kú lórí omi Nàìjíríà lọ́dọọdún, ohun tó sì máa ń fà á kò yí padà: èrò pọ̀ jù, alẹ́ ti lẹ́, kò sẹ́ni tó wọ jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. NIWA tó ń ṣàkóso ọ̀nà omi ń pariwo pé kí ọkọ̀ má rìn lóru, pé kí gbogbo èrò wọ jákẹ́ẹ̀tì. Ẹ lọ wo jákẹ́ẹ̀tì náà ní àwọn èbúté kan: ó ti já, ó ń rùn, okùn ìdè rẹ̀ ti tú, ọkùnrin tó sanra kò lè wọ̀ ọ́. Ọmọdé ńkọ́? Ti àgbà ni wọ́n á gbé kọ́ ọ lọ́rùn, tí yóò bọ́ lórí rẹ̀ bó bá já sómi. Ìjọba tó bá fẹ́ kí àlejò wá, jákẹ́ẹ̀tì ọmọdé ni kó kọ́kọ́ rà, kò tó owó pátákó ìpolówó kan.

Èkejì ni àwọn adigunjalè orí omi àti ajínigbé. Wọ́n ti dá àwọn èrò ọkọ̀ lọ́nà lójú omi Bonny lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹ́ta láwọn ọdún tó kọjá, wọ́n sì kó wọn wọ inú igbó. Mi ò ní sọ fún yín pé kò séwu. Okrika súnmọ́ tòsí, ojú omi rẹ̀ kì í sì í ṣófo bíi ti ọ̀nà jíjìn, ìyẹn ló fi sàn díẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ohun tí epo ti ṣe fún omi. Ní Ekerekana tó wà nínú ilẹ̀ Okrika, inú odò kékeré ibẹ̀ ni omi ìdọ̀tí iléeṣẹ́ ìfọpo ń ṣàn sí fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ sì ti kọ ọ̀pọ̀ ìwé nípa rẹ̀. Ìparí ọdún 2016 ni eérú dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í bà lórí fèrèsé wa ní Port Harcourt, tí aṣọ funfun kò ṣe é sá síta mọ́. Lára ohun tó fà á ni epo tí wọ́n ń sè nínú igbó omi, tí Gómìnà Nyesom Wike gbógun tì ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2022. Igi ẹ̀gbà tí epo bá pa kò tètè hù padà. Ọ̀pẹ kan tí wọ́n ń pè ní nípà, tí wọ́n kó wá láti Singapore sí Calabar ní 1906 àti Oron ní 1912, ló ń gba ipò rẹ̀. Ó láwọ̀ ewé, ó rẹwà lójú ẹni tí kò mọ̀, ṣùgbọ́n ẹja àti ìṣáwùrú kò rí ibi sá sí nínú rẹ̀ bíi ti ẹ̀gbà. Àlejò á ya fọ́tò rẹ̀ pé ibí yìí tutù, apẹja á sì wò ó, á mi orí. Bí èyí bá ń bá a lọ, kí ni àlejò yóò wá wò lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá?

Mo ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń dùn mí jù. Ta ni yóò jẹ èrè rẹ̀? Ní ọdún 1913, àwọn olóyè Okrika àti ti Diobu fọwọ́ sí ìwé pẹ̀lú ìjọba òyìnbó, ilẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn ló di Port Harcourt, ìlú tí a wá ń jẹun nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ Okrika kò gbàgbé. Ohun tó ṣẹ́ kù fún wọn nínú ìlú ńlá náà ni wọ́tásáìdì, etí omi tí wọ́n fi ẹrẹ̀ kún tí wọ́n sì kọ́lé sí. Ní oṣù Kẹjọ 2009, ìjọba ìgbà Rotimi Amaechi wó wọ́tásáìdì Njemanze, ó ju 13,000 èèyàn lọ tí kò rílé sùn mọ́. Ohun tó wà lára ìdí rẹ̀? Ilé sinimá àti ibi ìgbafẹ́ tí wọ́n fẹ́ kọ́ sí agbègbè náà pẹ̀lú Silverbird. Ní 2012, ó kan Abonnema Wharf.

Ẹ jọ̀wọ́ ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Àwọn tó ní ilé ni ìjọba bá dúnàádúrà láti ra ilé wọn. Ayálégbé kò gba kọ́bọ̀. Ta sì ni ayálégbé? Àwa ni, àti Igbo, àti Ibibio, àti Hausa, gbogbo ẹni tó wá jẹun. Télọ̀ tó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ilé onílé, ìyá tó ń ta àkàrà, fọganáísà, kò sí ìwé kankan lọ́wọ́ wọn. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ l'Ékòó: ní oṣù Kìn-ín-ní 2020, àwọn ológun ojú omi lé àwọn ará Tarkwa Bay kúrò lórí erékùṣù wọn, àwọn tí wọ́n ń ṣe oúnjẹ fún àlejò tí wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní eré orí ìgbì. Àkókò díẹ̀ ni wọ́n fún wọn. Àlejò ṣì ń lọ sí etíkun náà o.

Ẹ wá wo òdì kejì rẹ̀ ní Benin, níbi tí àwọn ìbátan wa pọ̀ sí. Ganvié jẹ́ ìlú tí wọ́n kọ́ sórí òpó nínú adágún Nokoué, àwọn Tofinu ló sá wọ inú omi nítorí àwọn akónilẹ́rú Dahomey. Àlejò á dé èbúté Abomey-Calavi, á san owó, á wọ ọkọ̀ tí ọmọ Ganvié ń wà, á ra ẹja lọ́wọ́ obìnrin tó wà nínú ọkọ̀ tirẹ̀. Mi ò sọ pé kò sí àléébù níbẹ̀, òṣì ṣì pọ̀ lórí omi náà, àwọn kan kì í sì í fẹ́ kí a ya fọ́tò wọn. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lé wọn kúrò kí àlejò lè ráyè wọlé. Ìyàtọ̀ tí Okrika gbọ́dọ̀ mú nìyẹn, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí bíríkì àkọ́kọ́ tó balẹ̀: ta ni yóò wa ọkọ̀, ta ni yóò ta oúnjẹ, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó ń háyà yàrá kan.

Ní tiwa, ẹgbẹ́ Yorùbá tó wà níbí kò gbọ́dọ̀ dúró de ìjọba. Bí ilé ìgbìmọ̀ bá pe ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ etí omi, kí a wà níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ àwọn ayálégbé wa nínú ìwé. Kí a sì kọ́kọ́ lọ wo ibi tí à ń sọ. Kí àwọn àgbà ẹgbẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn olóyè Okrika ṣáájú, kí a má ṣe wọ ìlú bí ẹni tó wọ ọjà. Ẹ mú nǹkan dání, a kì í lọ́wọ́ òfo lọ kí ọba. Ọjọ́ Sátidé dára ju Sọ́ńdè lọ, nítorí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ ra jákẹ́ẹ̀tì ti àwọn ọmọ fúnra yín ní ọjà kí ẹ tó dé èbúté, kí ẹ sì ka èrò inú ọkọ̀ kí ẹ tó jókòó. Ẹ bi awakọ̀ léèrè ìgbà tí omi yóò fà, nítorí bó bá ti fà, ẹrẹ̀ á yọ, ọkọ̀ yóò fìdí kanlẹ̀, ẹ ó sì jókòó sínú oòrùn títí omi yóò fi kún padà.